Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Wáàtì Ni Kí Á Béèrè, Kì í Ṣe Orúkọ

Ọ̀ràn kan ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa, kò sì yẹ kí ìwé ìròhìn bíi tiwa fojú fò ó. Ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí èyí tí ó ṣì wà níbẹ̀, a wá bá àwọn òbí rẹ̀, a ní òun ń fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà lásán kò tó o. Ó fẹ́ èyí tí yóò lè to fíìmù pọ̀, tí yóò lè ya àwòrán alárìnká, tí yóò lè gbé orin jáde, tí òun yóò sì lè fi gbá géèmù nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún fẹ́ kí ó fúyẹ́ tó ohun tí òun lè gbé sínú àpò láti Ìbàdàn dé Èkó.

Owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó kékeré. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, dọ́là kan tí ó ti wà ní nǹkan bí ₦460 gòkè kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Bí a bá ṣírò ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní 1,500 dọ́là ní Amẹ́ríkà ní ₦1,500 sí dọ́là kọ̀ọ̀kan, ₦2,250,000 ni yóò jẹ́, kí a tó san owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù méjìlélọ́gbọ̀n lọ láìjẹ, láìmu, kí ó tó lè ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó yá irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọn yóò sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oníṣòwò fi orúkọ àti iná aláràbarà tàn án jẹ.

Àwọn àgbà kan yóò ní, “Géèmù kẹ̀? Ṣé torí géèmù ni mo ṣe ń jẹ gbèsè?” A kò bá wọn jiyàn pé ọ̀lẹ ọmọ wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Iwájú jáde, eré àwòrán alárìnká alápá púpọ̀ nípa ìlú Èkó ti ọjọ́ iwájú, èyí tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe. Géèmù kan bá eré náà rìn, Rising Chef ni wọ́n pè é, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games tí ó wà ní Èkó ni ó sì ṣe é. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbá géèmù àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe géèmù, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́. Èyí tí ó bá lè fi òjò tí ń rọ̀ lórí afárá hàn nínú géèmù lọ́nà tí kò fi ní máa takú, òun náà ni yóò lè fi òjò bẹ́ẹ̀ sínú fíìmù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á ṣí ikùn ẹ̀rọ náà wò. Ẹ̀yà méjì ni ó ń ṣe làálàá níbẹ̀. Èkínní ni processor, tí a lè fi wé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ń pín iṣẹ́, tí ó gbọ́n, tí ó sì yára, ṣùgbọ́n tí kò lè wà ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní graphics. Èyí dàbí kíláàsì kan tí ó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, tí olúkúlùkù wọn ń ṣe ìṣirò kékeré tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Nínú graphics tí ń jẹ́ RTX 4060 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, irú àwọn aṣèṣirò kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3,072. Àwòrán jẹ́ ìṣirò púpọ̀ tí ó rọrùn, nítorí náà kíláàsì yìí ni ó ń ṣe géèmù, òun náà ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fíìmù àti àwòrán alárìnká.

Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Iná ni oúnjẹ kíláàsì yìí, wáàtì sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń bu oúnjẹ náà. Ilé-iṣẹ́ Nvidia tí ń ṣe RTX 4060 gba àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà pọ̀ láyè láti bu oúnjẹ fún un láti 35 wáàtì títí dé 115. Orúkọ kan náà, àwọn ọmọ kíláàsì 3,072 kan náà, ṣùgbọ́n àwọn kan jẹun yó, àwọn kan sì ń fi ebi ṣiṣẹ́. Oníṣòwò yóò lẹ bébà RTX 4060 mọ́ àwọn méjèèjì lára, yóò sì búra pé bákan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kò sì parọ́. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Nígbà kan rí, àmì wà tí a fi ń mọ èyí tí ebi ń pa. Láti ọdún 2017 ni Nvidia ti máa ń fi “Max-Q” kún orúkọ irú graphics tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù nítorí kí kọ̀ǹpútà lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀wé yóò rí i, yóò sì mọ ohun tí òun ń rà. Nígbà tí ẹ̀yà 30 dé ní ọdún 2021, wọ́n yọ àmì náà kúrò nínú orúkọ. A kò fẹ́ràn àṣà yìí rárá. Ẹni tí ó bá ń ta gàrí, tí ó sì kó kóńgò ńlá àti kóńgò kékeré pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan, àwọn ìyálọ́jà yóò bá a wí.

Ohun tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti RTX 4090. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ní RTX 4090 ní 24GB ìrántí lórí graphics rẹ̀, ó sì lè jẹ 450 wáàtì. Èyí tí wọ́n pè ní RTX 4090 nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ní 16GB, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ju 175 wáàtì lọ bí ó ti wù kí wọ́n fún un tó. Kódà ẹ̀yà inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe RTX 4080 ti orí tábìlì. Ẹni tí ó bá ka ìyìn èyí ti orí tábìlì nínú ìwé, tí ó wá lọ fi owó ilé ra èyí ti inú àpò, nǹkan mìíràn ni ó rà.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Kí á wo ojú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ kọ nípa rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ iyì ara wọn a máa kọ wáàtì náà síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ti wà níwájú ẹni, kí á ṣí NVIDIA Control Panel, kí á tẹ System Information. Níbẹ̀ ni a ó ti rí ọ̀rọ̀ kan tí a kọ pé Maximum Graphics Power, iye wáàtì yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Oníṣòwò tí kò bá jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ wo ibẹ̀, kí oníbàárà dìde kí ó máa lọ.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí wáàtì bá ti pọ̀ tó náà ni ó ti dára tó. Láti 35 dé nǹkan bí 80, agbára ẹ̀rọ náà a máa gòkè kíákíá. Tí ó bá ti ń súnmọ́ 100, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru àti ariwo fáànù ni a ń fi owó rà. Ní tiwa, a gbà pé láàárín 80 sí 100 wáàtì ni agbára àti ìfúyẹ́ ti lè bá ara wọn gbé láìjà. Ẹni tí ó bá sọ kalẹ̀ sí 50 nítorí kí ẹ̀rọ lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ ti fi agbára sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ 140, kí ó mọ̀ pé ẹrù ni òun yóò máa rù.

Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo wáàtì tí ó bá wọlé ni yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ooru, ooru kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà jáde ju ara bàbà àti fáànù lọ. Bàbà wúwo. Títí di ọdún 2020, ẹni tí ó bá fẹ́ agbára a máa gbé ẹ̀rọ tí ó lé ní kìlógíráàmù méjì, a sì fi ṣájà tí ó rí bí bíríkì kún un. Ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ ASUS gbé Zephyrus G14 jáde, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 14, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì ju kìlógíráàmù 1.6 lọ, processor rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ AMD, RTX 2060 Max-Q tí ń jẹ 65 wáàtì ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù tẹ̀lé e, ẹ̀rọ alágbára oní-íǹṣì 14 sì di ohun tí ènìyàn lè rí rà. (Ohun ẹ̀rín ni pé wọn kò fi kámẹ́rà sí ojú ẹ̀rọ náà, ní ọdún tí àrùn Kòrónà sé gbogbo olùkọ́ mọ́ ilé, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ́ni láti inú kọ̀ǹpútà. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fi kámẹ́rà sí i.)

Ọ̀ràn iná mànàmáná ni ó kàn, kò sì sí ibi tí ó ti ń dun ènìyàn tó ọ̀dọ̀ tiwa. Bátìrì G14 ti ọdún 2020 gba wáàtì-wákàtí 76. Bí gbogbo ẹ̀rọ náà bá ń jẹ 120 wáàtì nígbà tí ó ń ṣe géèmù tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán alárìnká, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni bátìrì náà yóò fi gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé wọn yóò ṣe bátìrì tí ó ju èyí lọ fíìfíì, nítorí pé àwọn ọkọ̀ òfuurufú kò gbà kí èrò gbé èyí tí ó kọjá wáàtì-wákàtí 100 wọlé láìgba àṣẹ. Kí bátìrì má bàa bàjẹ́, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ a tún dín oúnjẹ graphics kù ní kété tí a bá ti yọ ṣájà. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà géèmù tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ tí a rà mọ́. Ó ti di ẹ̀rọ kékeré kan tí ń dúró de iná.

Níbí ni ó ti yẹ kí á sọ òtítọ́ nípa MacBook Pro, bí àwọn ọmọ tí ń gbá géèmù kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 tí Apple ti gbé èyí tí ó ní M1 Pro àti M1 Max jáde, oníṣẹ́ fíìmù lè yọ ṣájà kúrò kí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ má sì dín kù, nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í jẹun púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ géèmù tí a ṣe fún Windows ni kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí a bá sì rà sínú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìrántí ni o, àbí ibi ìpamọ́, òun ni a ó máa lò títí. Bí ọmọ bá jẹ́ atofíìmù tàbí olórin, tí ó ń gbé ní àdúgbò tí iná kì í ti í pẹ́, èyí ni a ó fi lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé géèmù ni ó ń ṣe, tàbí tí ó ń fi Blender ya àwòrán alárìnká ní ọ̀sán àti ní òru, kí á ra ti Windows tí graphics rẹ̀ yó, kí á sì fi owó inverter kún ìṣirò wa kí á tó jáde nílé.

Ohun kan wà tí kò sí oníṣòwò tí ń sọ ọ́, tí ó sì ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán jẹun: ojú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ó ní ojú tí wọ́n kọ 45% NTSC sí lábẹ́ ìwé. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọ̀ tí a mọ̀ sí sRGB, èyí tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ń lò, ni ó lè fi hàn. Ẹ jẹ́ kí á fi aṣọ-òkè ṣe àpẹẹrẹ. Àlàárì pọ́n bí osùn, ẹtù dúdú ṣùgbọ́n aró ni ó wà nínú dúdú rẹ̀, sányán sì ní àwọ̀ tirẹ̀ tí kò pupa tí kò sì funfun. Lórí ojú aláìdára yìí, àlàárì yóò ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ nígbà ogún, ẹtù yóò di dúdú lásán. Ayafọ́tò ìgbéyàwó tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ yóò rò pé àwòrán òun ni ó ṣá. Yóò fi àwọ̀ kún un, yóò tún fi kún un, títí yóò fi dára lójú tirẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bá wá ṣí i lórí fóònù tí ó mọ àwọ̀, aṣọ yóò máa pariwo, ara ìyàwó yóò sì pọ́n bí ẹni tí a fi osùn pa. Wọn yóò ní ayafọ́tò kò mọṣẹ́. Nítorí náà, ojú tí ó bá gba 100% sRGB ni kí á rà, tàbí èyí tí ó bá gba DCI-P3 bí ó bá jẹ́ fíìmù. Ẹni tí ó bá ná mílíọ̀nù méjì, tí ó wá ń yan kọ̀ǹpútà nítorí iná aláràbarà abẹ́ bọ́tìnì rẹ̀, a kì í ru ẹran erin lórí kí á máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Ní ti RAM, 16GB ni ìbẹ̀rẹ̀, 32GB ni ó yẹ fún fíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ pátákó inú, G14 ti ọdún 2024 wà lára wọn, nítorí náà kí á ra èyí tí ó tó ní ọjọ́ kan náà. Graphics ní ìrántí tirẹ̀ lọ́tọ̀, RTX 5070 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó jáde ní ọdún 2025 kò sì ní ju 8GB lọ, bí ti RTX 4060. Ẹni tí ń ya àwòrán ńlá nínú Blender yóò tètè bá ògiri níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ra tòkunbọ̀, ìtìjú kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kí ó mú sùúrù dání. Lẹ́yìn tí ó bá ti wo wáàtì, kí ó tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt ti Windows. Ìwé kan yóò jáde, tí yóò fi iye tí bátìrì gbà nígbà tí ó jẹ́ tuntun hàn, àti iye tí ó ṣì lè gbà. Bí èkejì bá kéré sí ìdá méjì nínú mẹ́ta èkínní, kí á yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí a ó san. Lẹ́yìn náà, kí á gbá géèmù tí ó le lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Ẹ̀rọ tí eruku ti dí fáànù rẹ̀ yóò sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ OLED, kí á fi àwòrán eérú kan kún gbogbo ojú náà kí á wò ó bóyá òjìji bọ́tìnì àwọn olówó rẹ̀ ìṣáájú ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àsíá kiri ní ọjọ́ ìbò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti di àṣà kí àwọn tí a dìbò yàn máa pín láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọ̀dọ́ ní agbègbè wọn, kí a lu ìlù, kí a ya fọ́tò, kí a sì lẹ àwòrán ọlọ́lá mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ìyìn yẹ ẹni tí ó fúnni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn kò ra àpótí ìwòran nìkan. Wọ́n ra kámẹ́rà, wọ́n kọ́ yàrá ìṣeré, kí àwọn ọmọ wa lè jẹ́ ẹni tí ń ṣe àwòrán, kí wọ́n má jẹ́ ẹni tí ń wò ó nìkan. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní ọdún 2013, ẹ̀rọ ìkàwé ni ó jẹ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi rán an nìyẹn. Ẹ̀rọ tí a fi ń kàwé kò lè di ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe fíìmù nítorí pé a pe ayẹyẹ rẹ̀ ní ìrónilágbára. Láptọ́ọ̀pù ogún tí kò ní graphics rárá, tí ó ń takú bí a bá ṣí fíìmù oníṣẹ́jú márùn-ún lórí rẹ̀, kò tó ẹyọ mẹ́rin tí ó lè ṣiṣẹ́, tí a gbé sí yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí a so mọ́ inverter, tí olùkọ́ kan sì ń ṣọ́. DaVinci Resolve ní èyí tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ fún títo fíìmù, ọ̀fẹ́ sì ni Blender pátápátá. Ẹ̀rọ nìkan ni ó kù.

Nítorí náà, nígbà tí aṣòfin yín bá tún pe ìpàdé láti sọ iye láptọ́ọ̀pù tí òun fẹ́ pín, kí ẹnìkan nínú yín dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó sì béèrè pé kí wọ́n ka ìwé àdéhùn tí wọ́n fi rà wọ́n sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn: wáàtì graphics ńkọ́, RAM ńkọ́, ojú rẹ̀ gba ìdá mélòó nínú sRGB, ta ni yóò sì tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan?